Bíírò Pupa Bọ́ sí Gbangba

Ẹ̀yìn ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń pe bàbá kan tó ń kọ́ wọn ní yunifásítì ní Bíírò Pupa. Wọn ò jẹ́ pè é bẹ́ẹ̀ níṣojú rẹ̀. Bí wọ́n bá rí i lọ́dẹ̀dẹ̀ tó ń bọ̀ pẹ̀lú ìdì ìwé lábẹ́ abíyá, ẹni tó ń rẹ́rìn-ín á gbé ẹ̀rín mì, ẹni tó fara ti ògiri á dúró ṣánṣán. Ìwé tó bá gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá kì í bọ̀ bó ṣe lọ. Á fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀, á fa ìlà gba àárín òmíràn, á sì kọ ọ́ sí etí ìwé pé: "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?" Iṣẹ́ omi ló mọ̀ jù láyé. Bí omi ẹlẹ́gbin ṣe ń gba inú yanrìn kọjá tó fi ń di omi mímu, ohun tó ń kú sínú yanrìn náà àti ohun tó ń yè níbẹ̀, ohun tó fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ wá ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nǹkan kan ká tó máa lọ. Bí onímọ̀ bá ṣe ìwádìí, tó sì fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kà, olóòtú kì í ṣàdédé gbé e jáde. Á kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn díẹ̀ tó gbọ́ iṣẹ́ náà dáadáa, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sọ bóyá ó dúró tàbí kò dúró. Ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹni tó kọ iṣẹ́ kì í mọ ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Àìmọye iṣẹ́ ni bàbá yìí ti yẹ̀ wò lọ́nà bẹ́ẹ̀, láìsí ẹni tó mọ̀ pé òun ni. Bó bá ti kọ ọ́ pé iṣẹ́ kan kò ní láárí, á pa ìwé dé, á lọ jẹun. Kì í ṣe ìkà. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé omi tí ọmọdé máa mu kì í ṣe ohun àfiṣeré. Àmọ́ kò tíì rí ojú ẹnikẹ́ni rí lẹ́yìn tí onítọ̀hún ka ohun tó kọ.

Etí rẹ̀ ti ń di díẹ̀díẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀, nítorí ìyàwó rẹ̀. Olùkọ́ àwọn ọmọ kékeré ni ìyàwó náà, ọ̀rọ̀ sì máa ń dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀. Ibikíbi tí wọ́n bá jọ jókòó sí láàárín èrò, á kọjú sí ọkọ rẹ̀, á máa fi ètè lásán tún ohun táwọn èèyàn ń sọ sọ fún un. Nígbà mìíràn a máa fi tirẹ̀ kún un. Bàbá á ṣàdédé bú sẹ́rìn-ín láàárín ìpàdé, àwọn tó wà níbẹ̀ á máa wojú ara wọn pé kí ló pa á lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ àtúnṣe òrùlé.

Nígbà tí ìyàwó yìí ṣaláìsí, ilé ayé dákẹ́ mọ́ bàbá lórí. Àwọn èèyàn gbìyànjú. Wọ́n á pariwo sí i létí títí iṣan ọrùn wọn á fi yọ, ojú wọn á le koko, á wá dà bíi pé wọ́n ń bá a jà. Wọ́n ra ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sétí fún un. Ẹ̀rọ náà ń súfèé, ó ń gbé ariwo àwo àti ariwo bàtà wá, ó sì ń fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Bàbá yọ ọ́, ó sọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì. Kò lọ sí ìpàdé mọ́. Nígbà tó yá, ó kó lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tó bí.

Télọ̀ ni ọmọbìnrin yìí, iwájú ilé rẹ̀ ló sì sọ di ṣọ́ọ̀bù. Tábìlì gbọọrọ kan wà níbẹ̀ tó fi ń gé aṣọ, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà ní ìpẹ̀kun kan lẹ́bàá fèrèsé, bàbá sì máa ń jókòó sí ìpẹ̀kun kejì pẹ̀lú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Kò gbọ́ ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n bó bá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sórí tábìlì, á mọ̀ pé ọmọ òun ń ṣiṣẹ́. Bí tábìlì bá dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, á gbójú sókè wò ó.

Ohun tó dùn ún jù kì í ṣe etí. Kò sẹ́ni tó ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí i kó yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Àwọn olóòtú tó mọ̀ ọ́n ti fẹ̀yìn tì, àwọn mìíràn ti kú. Ó máa ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Etí mi ló di. Orí mi ò di."

Oníbàárà kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé ló mú ọ̀rọ̀ ojúlé kan wá, lọ́jọ́ tó wá wọ aṣọ rẹ̀ wò. Ó ní àwọn onímọ̀ kan ti ṣí ojúlé sórí ayélujára, pé bí èèyàn bá parí ìwádìí, á gbé e síbẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ nípa rẹ̀ á kà á, á béèrè ìbéèrè, á sọ ibi tó kù sí, oníṣẹ́ náà á sì dáhùn níbẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Ṣùgbọ́n kò sí bíbo ojú. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ fi orúkọ ara rẹ̀ sí i.

Ọmọbìnrin náà tẹ ọ̀rọ̀ yìí sórí fóònù rẹ̀ ní lẹ́tà ńláńlá, ó sún un síwájú bàbá rẹ̀. Bàbá kà á, ó kà á padà.

"Ní gbangba báyìí?" ó ní. Ohùn rẹ̀ máa ń ròkè láìmọ̀. "Bí ẹni ń pariwo láàárín ọjà?"

Ọmọ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pé: "Bí ẹni jókòó yí tábìlì ká ni, Dádì."

"Ta wá ni olórí wọn?"

"Wọ́n ní olóòtú, ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn ló ń dá sí i."

Bàbá yọ ṣùtì. Síbẹ̀, kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán, ó ti wà lórí ojúlé náà, ó sì ti rí iṣẹ́ kan tó bí i nínú.

Ọ̀dọ́bìnrin kan ló kọ ọ́, tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò kékeré kan níbi tó jìnnà. Ó to àwọn asẹ́ oníyanrìn, ìyẹn àwọn dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sí nísàlẹ̀ tí wọ́n wá da yanrìn lé e, ó ń da omi odò sí wọn, ó sì ń yẹ omi tó ń jáde nísàlẹ̀ wò. Kòkòrò àrùn ò kúrò nínú omi náà. Ó wá kọ ọ́ pé asẹ́ oníyanrìn kò ṣeé gbọ́kàn lé fún omi mímu.

Ohun tí bàbá fi gbogbo ayé rẹ̀ sọ pé ó dára ni ọ̀dọ́bìnrin yìí ní kò dára. Ó sì ti rí ibi tí àṣìṣe ti wọlé, lójú tirẹ̀. Yanrìn nìkan kọ́ ló ń sẹ́ omi. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, awọ fẹ́lẹ́ kan tó ń yọ̀ máa ń bo ojú yanrìn, ohun abẹ̀mí tíntìntín ló kún inú rẹ̀, àwọn ló ń jẹ kòkòrò àrùn. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ìdọ̀tí ni, á fá a dànù. Bàbá gbà pé ohun tí ọ̀dọ́bìnrin náà ṣe nìyẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀wé. Lẹ́tà ńlá ló fi tẹ gbogbo rẹ̀, nítorí ojú rẹ̀ náà ò mú tó ti tẹ́lẹ̀:

"ẸNI TÓ ṢE IṢẸ́ YÌÍ KÒ MỌ OHUN TÓ Ń ṢE. Ó TI FÁ AWỌ ORÍ YANRÌN DÀNÙ. KÓ LỌ KỌ́ṢẸ́ KÓ TÓ MÁA KỌ́ AYÉ."

Ọmọ rẹ̀ wá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó kà á. Ó na ọwọ́ sí fóònù.

"Dádì, orúkọ yín wà nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí o."

"Mo mọ̀."

"Ẹni náà á kà á."

"Kó kà á. Ṣebí torí ẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́."

Ó fi í ránṣẹ́.

Ẹni àkọ́kọ́ tó fèsì kì í ṣe ọ̀dọ́bìnrin náà. Aláwàdà ọkùnrin kan tó ń bójú tó omi ilé ìwòsàn ló kọ ọ́ pé: "Ẹ káàsán, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ ń pariwo mọ́ wa báyìí?" Ọ̀rọ̀ náà kò yé bàbá. Ọmọ rẹ̀ ló ṣàlàyé fún un pé lórí ayélujára, ẹni tó bá fi lẹ́tà ńlá kọ gbogbo ọ̀rọ̀, ariwo ló ń pa. Bàbá ronú sí i, ó wá fèsì ní lẹ́tà kékeré: "Ẹ má bínú. Adití ni mí. Mi ò mọ̀ pé mò ń pariwo."

Ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀ lórí ojúlé náà. Kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀sín, ó sì hàn bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ní òun náà, ẹsẹ̀ ń dun òun. Òmíràn ní bàbá òun àgbà ń pariwo bẹ́ẹ̀, etí rẹ̀ ò sì di. Bàbá tẹjú mọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Látọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti lọ, kò tíì wà láàárín èrò tó ń rẹ́rìn-ín kó sì mọ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Níbí, gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ ló wà níwájú rẹ̀. Kò sí èyí tó bọ́ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ni èsì ọ̀dọ́bìnrin náà dé.

"Ẹ káàárọ̀ sà," ó kọ. "Mi ò fá awọ náà. Mo mọ ohun tó ń ṣe. Inú ìwé tí ẹ̀yin fúnra yín kọ ni mo ti kà á, ìwé yín ló mú mi yan iṣẹ́ yìí. Ńṣe ni awọ náà kàn kọ̀ tí kò yọ. Mo ti dúró dè é títí. Mo fi àwòrán rẹ̀ sísàlẹ̀ yìí kí ẹ lè fojú ara yín rí i. Ìdí dúrọ́ọ̀mù ni mo wà nígbà tí ọ̀rọ̀ yín wọlé, mo gbé ọmọ mi pọ̀n. Nígbà tí mo rí orúkọ yín, inú mi kọ́kọ́ dùn. Lẹ́yìn náà ni mo kà á. Mo ní láti jókòó. Bí ẹ bá rí ohun tí mi ò rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi hàn mí."

Bàbá wo àwòrán náà. Yanrìn náà mọ́ tónítóní, kò sí àmì pé wọ́n fi ohunkóhun fá a. Òótọ́ ni ọ̀dọ́bìnrin náà ń sọ. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. Ọmọ rẹ̀ rí i, ó dá ẹ̀rọ dúró, ó wá kà á.

"Ṣé bí ọ̀rọ̀ mi ṣe máa ń rí lára èèyàn nìyí?" bàbá béèrè. Lọ́tẹ̀ yìí ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ gbé fóònù, ó ronú, ó tẹ̀ ẹ́ pé: "Bí ẹ bá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ nílé, Mọ́mì ló máa ń bá yín tún un sọ. Ẹ ò kàn mọ̀ ni. Ẹ̀yin á sọ pé, 'Aṣọ yìí ò dáa.' Mọ́mì á sọ fún mi pé, 'Bàbá ẹ ní kó o tún ọrùn ẹ̀ wò.'"

Bàbá kà á. Omi lé ròrò sí i lójú, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Kò mọ̀ pé bí ìyàwó òun ṣe ń bá òun gbọ́ ọ̀rọ̀ wọlé, bẹ́ẹ̀ ló tún ń bá òun sọ ọ́ jáde.

Ó gbé kọ̀ǹpútà. Ohun tó kọ́kọ́ tẹ̀ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó pa á rẹ́. Ó tẹ òmíràn, ó pa á rẹ́. Níkẹyìn ó kọ ọ́ pé: "Ọmọ mi, mo sọ ohun tí mi ò rí bí ẹni pé mo rí i. Má bínú. Òótọ́ lo sọ, o ò fá a. Ìdí tí kò fi yọ ò yé èmi náà. Jọ̀wọ́ sọ fún wa bí ẹ ṣe ń gbé omi náà dé, láti odò títí dé orí yanrìn. Má fo nǹkan kan." Ó tún un kà, ó yọ "má fo nǹkan kan" kúrò, ó fi "bó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn" sí i, ó fi í ránṣẹ́.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe ṣí. Gbogbo wọn wá rọ̀gbà yí iṣẹ́ náà ká. Ọkùnrin omi ilé ìwòsàn ní kí wọ́n wo yanrìn, bóyá hóró rẹ̀ ti tóbi jù. Ọ̀dọ́bìnrin náà fi asẹ́ sẹ́ yanrìn náà wò, ó gbé èsì wá, kì í ṣe yanrìn. Bàbá ní kó wò ó bóyá oòrùn ń gbẹ omi orí rẹ̀. Ó lọ wò ó, abẹ́ òrùlé ló wà. Gbogbo ibi tí wọ́n bá tọ́ka sí ló ń lọ wò, ó sì ń padà wá sọ fún wọn. Ìgbà mìíràn ó máa ń kọ ọ́ pé, "Ọmọ mi ń sunkún, mò ń bọ̀," gbogbo àgbààgbà onímọ̀ wọ̀nyẹn á sì dúró dè é kí ọmọ dákẹ́.

Obìnrin kan tó ń kọ́ni ní kẹ́mísìrì ló wá béèrè ohun tí kò sí lọ́kàn ẹnikẹ́ni: "Kí ni ẹ fi ń fọ kẹ́ẹ̀gì tí ẹ fi ń gbé omi láti odò?"

Ọ̀dọ́bìnrin náà ní òun ń bọ̀. Nígbà tó padà, ó ní òun lọ bi awakọ̀ tó ń bá wọn gbé omi. Awakọ̀ náà ní bílíìṣì ni òun fi ń fọ̀ ọ́, kí omi àyẹ̀wò lè mọ́. Ó rò pé òun ń ṣe wọ́n lóore ni. Kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ṣan án dànù.

Bàbá gbá tábìlì débi pé abẹ́rẹ́ ọmọ rẹ̀ yà bàrá lórí aṣọ. Bílíìṣì tó ṣẹ́kù sínú kẹ́ẹ̀gì ló ń pa awọ náà. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá da omi tuntun sí i, ńṣe ni wọ́n tún ń pa ohun abẹ̀mí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ayé. Òun tó mọ yanrìn bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ìyẹn ò jẹ́ wá sí òun lọ́kàn láé. Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ síbẹ̀: "Ká ní èmi nìkan ni wọ́n fi iṣẹ́ yìí ránṣẹ́ sí ní kọ̀rọ̀, ǹ bá ti dá a nù, ìdí rẹ̀ kì bá sì yé ẹnikẹ́ni nínú wa."

Ọ̀dọ́bìnrin náà ra kẹ́ẹ̀gì tuntun, ó bẹ̀rẹ̀ gbogbo iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí bí wọ́n ṣe lè ṣe é yá, awọ náà á yọ nígbà tó bá tó àkókò. Bí wọ́n ṣe ń dúró dè é, òun àti bàbá ń kọ̀wé síra wọn. Ó ń bi bàbá léèrè nípa iṣẹ́, nígbà tó yá ó ń bi í nípa ìyàwó rẹ̀. Bàbá sọ fún un nípa ẹ̀rín ìpàdé òrùlé. Oúnjẹ ń tutù níwájú rẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì ń bá a wí pé ká ní íńtánẹ́ẹ̀tì ni òun náà ni, bàbá ì bá máa wojú òun báyẹn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àwòrán kan wọlé. Ojú yanrìn náà ti yọ awọ, ó rí bíi pé èémí fẹ́ sí dígí. Ọ̀dọ́bìnrin náà ò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Bàbá pe ọmọ rẹ̀ wá wò ó, ó sì pe oníbàárà tó wà níjókòó, ẹni tí kò mọ ohun tó ń wò, tó kàn ń sọ pé, "Ó dára, sà, ó dára." Omi tó ń jáde nísàlẹ̀ mọ́.

Nígbà tí iṣẹ́ gbé ọ̀dọ́bìnrin náà gba ìlú wọn kọjá, ó yà sílé wọn. Àyà ọmọ bàbá ń já díẹ̀ pé báwo ni wọ́n ṣe máa gbọ́ra wọn yé. Ọ̀dọ́bìnrin náà wọlé, ó kí wọn, ó wo yàrá náà yíká, ó sì gbé àga rẹ̀ lọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé á ti máa bọ́ sí i lójú, kí bàbá lè rí ètè rẹ̀. Kò pariwo. Ó ń sọ̀rọ̀ bí gbogbo èèyàn ṣe ń sọ ọ́, àmọ́ jẹ́jẹ́, ó kọjú sí bàbá. Ibi tí kò bá yé bàbá, á tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, wọ́n á máa bá a lọ.

"Mo rò pé o máa ga ju báyìí lọ," bàbá sọ fún un.

"Èmi náà rò pé ojú yín á le ju báyìí lọ, sà."

Ọmọ ọwọ́ rẹ̀ jókòó sórí tábìlì láàárín àwọn àjákù aṣọ, ó ń sọ̀rọ̀ lọ ràì. Bàbá béèrè pé kí ló ń wí.

"Èdè tirẹ̀ ni," ìyá rẹ̀ ní. "Kò yé mi."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," bàbá ní. "Lónìí, gbogbo wa la ò gbọ́ ọ."

Ọmọbìnrin rẹ̀ ń gé aṣọ ní ìpẹ̀kun tábìlì lọ́hùn-ún. Nígbà tó gbọ́ irú ẹ̀rín tí bàbá rẹ̀ rín, ó ní láti fi síṣọ́ọ̀sì sílẹ̀ kó má baà gé ibi tí kò yẹ.

Wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde. Gbogbo ìjíròrò tó wáyé lórí rẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn, bí ojúlé náà ṣe máa ń ṣe. Olóòtú kọ̀wé sí bàbá pé bó bá fẹ́, àwọn lè yọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ kúrò, kí ẹnikẹ́ni má rí i. Bàbá ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ó ní kí ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn rí ibi tí òun ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ, kó sì rí ibi tí òun ti tún un sọ. Ọ̀dọ́bìnrin náà to asẹ́ méjì sí ilé ẹ̀kọ́ kan nítòsí rẹ̀, ó sì fi àwòrán àwọn ọmọdé tó ń mu omi ibẹ̀ ránṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn da tirẹ̀ sára, ó ń wojú ẹni tó ń ya àwòrán bíi pé òun kọ́.

Bàbá ṣì wà lórí ojúlé náà. Láìpẹ́ yìí ni ọkùnrin kan tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ síbẹ̀, lórí omi òjò tí wọ́n ń gbà láti orí páànù. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Àsìkò ń lọ, abẹ́ iṣẹ́ náà ṣófo. Bàbá ń kọjá, ó rí i bó ṣe dá wà níbẹ̀. Ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó bo oúnjẹ òun mọ́lẹ̀, ó fa àga mọ́ tábìlì, ó ka gbogbo rẹ̀ tán, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti kà á dé ìparí. Mo ní ìbéèrè díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tó dùn mọ́ mi níbẹ̀."